Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́ta lórí sọ̀nátà kejì Chopin: àgbéyẹ̀wò kíláàsì ìgbọ́rin kan ní Gwarinpa

Mo san ₦18,000 fún Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́ta, wákàtí méjì lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, láti jókòó sínú pálọ̀ ilé kan ní Gwarinpa, ní Abuja, níbi tí olùkọ́ orin kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti í gbọ́ orin píánò. Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ti títẹ píánò rárá; kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan ohun èlò náà nínú wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ orin kan ṣoṣo ni wọ́n fi wákàtí mẹ́fà náà tú palẹ̀, èyíinì ni sọ̀nátà kejì tí Frédéric Chopin kọ, tí ó wà ní B-flat minor (ìdílé ohùn tí orin náà dá lé), Opus 35 (nọ́ńbà tí a fi mọ̀ ọ́n láàárín àwọn iṣẹ́ rẹ̀), tí kò sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lọ láti tẹ̀ tán. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, mo rò pé owó náà pọ̀ jù, mo sì rò pé wákàtí mẹ́fà lórí orin kan yóò sú mi. Èrò mi ti yí padà lórí méjèèjì, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ẹ̀kọ́ náà kù sí, n kò sì ní fi ìyẹn pamọ́ fún ẹni tí ó bá ń gbèrò láti san owó tirẹ̀.

Sọ̀nátà jẹ́ iṣẹ́ orin tí ó gùn díẹ̀, tí a pín sí apá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí a sì sábà máa ń kọ fún ohun èlò kan tàbí méjì. Apá mẹ́rin ni ti Chopin yìí ní. Ọmọ ilẹ̀ Poland ni Chopin. Wọ́n bí i ní 1810 ní abúlé Żelazowa Wola tí kò jìnnà sí Warsaw, ó sì kú ní Paris ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá 1849, láìtíì pé ẹni 40 ọdún. Apá kẹta sọ̀nátà náà, orin ìsìnkú tí gbogbo ayé mọ̀, ni ó kọ́kọ́ kọ, ní nǹkan bí 1837. Ní ìgbà ooru 1839, ní Nohant, níbi tí òǹkọ̀wé obìnrin George Sand ní ilé oko sí ní ilẹ̀ Faransé, ni ó tó kọ apá mẹ́ta yòókù, wọ́n sì tẹ gbogbo rẹ̀ jáde ní 1840. Òkú ni ó ti wà nílẹ̀, kí ó tó wá kọ́ ilé yí i ká. Olùkọ́ wa sọ èyí ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ó sì dára bí wọ́n ti tètè sọ ọ́, nítorí pé ó mú kí n yéé retí ìtàn tí yóò ti orí bẹ̀rẹ̀ kí ó sì parí sí ìdí.

Bàbá ni gbogbo wa ń pe olùkọ́ náà. Ọmọ Ìgbómìnà ni wọ́n. Wọ́n ti kọ́ni ní orin ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Zaria àti Kaduna, wọ́n sì ṣì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì títí di òní. Píánò àtijọ́ kan wà nínú pálọ̀ náà, sípíkà ńlá méjì sì wà ní igun yàrá. Àwa mẹ́sàn-án ni a forúkọ sílẹ̀, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ Yorùbá tán: òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ó wá láti Kabba, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìlọrin kan tí ó ń ṣe agùnbánirọ̀, ìyá àgbà kan tí ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, àti àwọn mìíràn. Yorùbá ni Bàbá fi ń kọ́ wa, wọn kì í sì fi ipá túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ olórin. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòroó pè, wọn á jókòó sídìí píánò, wọn á jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ó túmọ̀ sí.

Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lélẹ̀ yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe fi ọ̀rọ̀ sí orin náà títí di ọ̀sẹ̀ kẹta. Wọ́n mọ irú etí tí àwa ní. Láti kékeré ni ìyáàlù ti ń bá wa sọ̀rọ̀, a sì ti mọ̀ pé bí ohùn bá lọ sókè tàbí tí ó bá wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ni ó ń wí. Nítorí náà, bí orin tí kò ní ọ̀rọ̀ bá ń dún, ọkàn wa a máa wá ohun tí ó ń sọ kiri. Ìdí kan náà ni àwọn àgbàlagbà fi ń ráhùn sí àwọn orin ìsìn àtijọ́ tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá láìka ohùn ọ̀rọ̀ sí, tí orin á máa gòkè níbi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀. Bàbá kò sọ pé àṣà wa yìí burú. Wọ́n ní ó kàn máa ń mú wa kánjú ni: a ó ti rí gbólóhùn kan fún ohùn àkọ́kọ́ tí ó wọ etí wa, a ó sì di etí sí gbogbo èyí tí ó kù.

Wọ́n lo bí ìṣẹ́jú 40 lórí ìbẹ̀rẹ̀ apá kìíní, èyí tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá 20 bí a bá ń tẹ̀ ẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ píánò ni ó kọ́kọ́ dún: ó dúró lórí D-flat, ó sì fò wálẹ̀ sí E. Àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì gbòòrò, kò sì fi etí lọ́rùn sílẹ̀; ó dà bí ìgbà tí ẹsẹ̀ ènìyàn bá tàsé àtẹ̀gùn kan nínú òkùnkùn. Beethoven, olórin Jámánì, ti lo irú ìfò bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sọ̀nátà rẹ̀ tí ó kẹ́yìn, Opus 111, Bàbá sì tẹ̀ ẹ́ fún wa kí a lè rí ìbátan wọn. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tẹ ìfò ti Chopin náà léraléra, wọ́n ní kí a fi ẹnu kùn ún, kí a dì í mú, nítorí pé a ó tún bá a pàdé. Ibi tí a ti bá a pàdé náà ni àárín apá kìíní, níbi tí ó ti padà wá sínú ohùn ìsàlẹ̀, tí ó sì ń kù bí ààrá lábẹ́ orin mìíràn. Mo ti gbọ́ sọ̀nátà yìí fún ọdún mẹ́wàá ó lé, n kò gbọ́ ọ níbẹ̀ rí. Ohun tí mo sanwó fún gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn ìfò náà ni orin yára, tí ọwọ́ òsì ń sáré, tí ọwọ́ ọ̀tún sì ń sọ ohùn kúkúrú-kúkúrú tí ìsinmi ń gé, bí ẹni tí ó sáré dé ẹnu ọ̀nà tí kò lè parí gbólóhùn. Ohùn kejì, èyíinì ni orin kejì tí apá náà dá lé, tẹ̀ lé e ní D-flat major, ó fara balẹ̀, ó fẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí orin ìsìn. Bí ọ̀pọ̀ sọ̀nátà ayé ìgbà náà ṣe rí, lẹ́yìn ìrìn àárín, ohùn kìíní yóò padà wá, èyí kejì yóò sì tẹ̀ lé e. Bàbá ní kí a na ọwọ́ sókè nígbà tí a bá gbọ́ ohùn kìíní padà. A dúró, a tẹ́tí, agùnbánirọ̀ náà tilẹ̀ ti gbé ọwọ́ dé àyà, apá kìíní sì parí mọ́ wa lójú, nínú àkópọ̀ ohùn alágbára ní B-flat major, láìsí ẹni tí ó na ọwọ́. Chopin kò dá ohùn kìíní padà. Èyí kejì nìkan ni ó mú wálé. Kò sí àlàyé tí ìbá kọ́ wa ní èyí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń sáré ní ìbẹ̀rẹ̀ kò dé mọ́, a sì mọ̀ ọ́n nítorí pé ọwọ́ wa ṣì wà lórí itan.

Wọ́n fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kan àríyànjiyàn kan tí ó wà láàárín àwọn tí ń tẹ sọ̀nátà yìí: nígbà tí a bá fẹ́ tún ìdajì àkọ́kọ́ apá kìíní tẹ̀, ṣé láti orí ìfò ìbẹ̀rẹ̀ náà ni, tàbí láti ibi tí orin ti yára? Charles Rosen, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń tẹ píánò tí ó sì jẹ́ ọ̀mọ̀wé orin, jà fún pé láti orí ìfò ni. Mo fara mọ́ ọn, nítorí pé bí a bá gbọ́ ìfò náà lẹ́ẹ̀mejì, kò ní ṣàjèjì sí wa nígbà tí ó bá yọ jáde ní àárín. Bàbá kò sọ ibi tí wọ́n tẹ̀ sí, ìbá sì wù mí kí wọ́n sọ ọ́.

Apá kejì, tí a ń pè ní Scherzo, kò gba àkókò púpọ̀, kò sì yẹ kí ó gbà á. E-flat minor ni ó wà. Ohùn kan náà ni a ń lù ní àlùtúnlù pẹ̀lú agbára, ó sì le koko bí bàtá. Àárín rẹ̀ rọ̀, ó lọ́ra, ó sì dùn. Ohun tí ó yẹ kí a mú lọ sílé níbẹ̀ ni pé orin rírọ̀ náà ni ó ní ìparí, kì í ṣe orin ìlù, tí ó fi jẹ́ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a fi dé ẹnu ọ̀nà orin ìsìnkú.

Orin ìsìnkú náà ni wọ́n fi gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì ṣe. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí nínú wa, kódà ẹni tí kò mọ orúkọ Chopin. Wọ́n lù ú níbi ìsìnkú John Kennedy ní 1963. Àwọn ọmọdé gbọ́ ọ nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀. Wọ́n sì lu ẹ̀dà rẹ̀ tí Reber, olórin Faransé kan, tò fún ẹgbẹ́ olóhun-èlò púpọ̀ níbi ìsìnkú Chopin fúnra rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì Madeleine ní Paris, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá 1849. Mímọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n ni ìṣòro tí Bàbá ní láti kojú, wọ́n sì gbà á lọ́nà tí ó mú mi láyọ̀. Wọ́n bo ọwọ́ ọ̀tún mọ́lẹ̀, wọ́n sì tẹ ti ọwọ́ òsì nìkan fún ìṣẹ́jú púpọ̀. Ibi méjì péré ni ọwọ́ náà ń lọ tí ó ń bọ̀, bí ẹsẹ̀ àwọn tí wọ́n ru pósí: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún wọlé, ohùn kan náà ni ó ń tẹnu mọ́, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti mú wa lọ sí Zaria. Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá ti gbọ́ kàkàkí rí ní ìta ààfin Ẹ́míà rántí bí ohùn rẹ̀ ti rí: fèrè gígùn tí ó ju ènìyàn lọ, tí ohùn tí ó lè mú jáde kò pọ̀, síbẹ̀ tí gbogbo ọjà á dákẹ́ bí ó bá dún. Agbára rẹ̀ kò sí nínú orin dídùn. Ó wà nínú pé ohùn díẹ̀ náà kò yẹ̀, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, n kò tún gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ orin ìsìnkú yìí bí orin ìbànújẹ́ lásán mọ́. Ohun tí ó ń lọ ni, tí kò ní dúró de ẹni tí ń sunkún.

Ibi tí èmi àti Bàbá ti yà lọ́nà ni àárín orin ìsìnkú náà. Ìlù ẹsẹ̀ dákẹ́, orin sì bọ́ sí D-flat major: ọwọ́ òsì ń tú àkópọ̀ ohùn ká ní ìrọ̀rùn, ọwọ́ ọ̀tún ń kọ orin kan ṣoṣo, jẹ́jẹ́, láìsí ohùn kejì tí ó gbè é. Bàbá pè é ní ìtùnú, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pè é. Èmi kò gbọ́ ìtùnú níbẹ̀. Nígbà tí a sin ìyá mi, lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti lọ, mo gbọ́ tí àbúrò wọn obìnrin ń kọrin ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń fọ ìkòkò, wọn kò sì kọ ọ́ sí wa létí. Wọn kò tu ẹnikẹ́ni nínú. Ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bí àwọn ọdẹ bá ń sun ìrèmọ̀jé, òkú ni wọ́n ń pè, òkú ni wọ́n ń kì, tí wọ́n ń bi í léèrè ibi tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n nínú orin ìsìnkú Chopin, ìrìn ẹsẹ̀ náà kò bá òkú sọ ohunkóhun. Orin àárín yìí nìkan ni ó bá a sọ̀rọ̀, bóyá nítorí náà ni kò fi lè ní ju ohùn kan lọ. Mo sọ èyí ní kíláàsì. Bàbá fetí sílẹ̀, wọ́n tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ láìsọ nǹkan kan, wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Apá kẹrin ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, nítorí pé ibẹ̀ ni etí mi ti máa ń sọnù. Kò ju ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lọ. Ọwọ́ méjèèjì ń sáré pọ̀, ohùn kan náà ni wọ́n ń tẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, láìsí ìsinmi, láìsí àkópọ̀ ohùn, títí di ìgbà tí ìkẹyìn yóò bú jáde ní B-flat minor. Robert Schumann, olórin Jámánì tí ó fẹ́ràn Chopin gidigidi, kọ ní 1841 pé ọmọ rẹ̀ mẹ́rin tí orí wọn yí jù lọ ni Chopin kàn so pọ̀ nínú sọ̀nátà yìí, ó sì ní apá tí ó kẹ́yìn jọ yẹ̀yẹ́ ju orin lọ. Àwọn mìíràn ní atẹ́gùn òru lórí ibojì ni. Ohun tí Chopin fúnra rẹ̀ kọ nínú lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Julian Fontana ní 1839 kò ju pé ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún ń rojọ́ pọ̀ lẹ́yìn orin ìsìnkú.

Bàbá tẹ̀ ẹ́ fún wa bí ìgbín. Ọwọ́ kan, ohùn kan tẹ̀ lé òmíràn, tí a sì ń fi ẹnu kùn ún tẹ̀ lé wọn. Ní ìrìn ìgbín yẹn ni mo ti rí i pé ohùn náà kì í ṣe ariwo; ó ń yí ká ibì kan, ó ń fẹ́ bọ́ sílé, ilé náà sì ń ṣí kúrò. Nígbà náà ni wọ́n wá mú òfin kúrò. Wọ́n ní kí a fi ọ̀rọ̀ sí i bí a bá rí ọ̀rọ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìyára rẹ̀ gan-an lẹ́ẹ̀mẹta. Àwa tí a ti ń fi ọ̀sẹ̀ méjì gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́, tí oníkálukú wa ti ní gbólóhùn ìkọ̀kọ̀ fún orin ìsìnkú, kò sí ẹni tí ó rí ọ̀rọ̀ kan fi sí apá kẹrin. Obìnrin ará Kabba náà ní ọ̀rọ̀ ń bọ̀, kò sì dé. Yàrá náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Fún èmi, ohun tí apá kẹrin jẹ́ nìyẹn: ibi tí etí tí ó mọ ọ̀rọ̀ ìlù kò ti rí ọ̀rọ̀ gbọ́ mọ́. Mo rò pé ọmọ Yorùbá lè gbọ́ ọ jù Schumann lọ níbẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Wàyí o, àwọn àléébù. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń dún ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta kẹta, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ apá kẹrin ni ọjọ́ náà, orin tí ó yẹ kí a gbọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá fi ẹ̀kọ́ náà sí òwúrọ̀ dípò agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, yóò dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tí wọ́n pín fún wa jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì látòkèdélẹ̀, nígbà tí ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Ìyá àgbà akọrin náà kò lè lò ó nílé. Wọ́n sì kánjú nípa àwọn àwo orin. Mẹ́ta ni a gbọ́, ti atẹpíánò mẹ́ta: ti Rachmaninoff tí ó gbà sílẹ̀ ní 1930, ti Arthur Rubinstein ti 1961, àti ti Martha Argerich ti 1974. Ìṣẹ́jú 20 fún mẹ́ta kéré púpọ̀. Ti Rachmaninoff nìkan tó fún ọjọ́ kan, nítorí pé lẹ́yìn orin àárín, kò mú ìrìn ìsìnkú náà padà ní jẹ́jẹ́. Ó mú un bọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára, ó sì jẹ́ kí ó máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí àwọn tí ó gbé òkú bá kọjá níwájú ilé ẹni tí wọ́n sì ń lọ. Kò sí èyí nínú ohun tí Chopin kọ sílẹ̀, ó sì yẹ kí a jíròrò bóyá ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe é. Argerich ni mo mú lọ sílé, nítorí apá kìíní, níbi tí ìsáré náà ti rí bí ẹni pé ẹ̀mí ni wọ́n ń lé.

₦18,000 kì í ṣe owó kékeré fún agùnbánirọ̀, n kò sì mọ̀ bóyá Bàbá yóò gbà kí ẹnìkan san án díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní i kò ní kábàámọ̀. Wọn kò béèrè pé kí ènìyàn mọ ìwé orin kà. Bí ẹ bá lọ, ẹ tètè dé, kí ẹ sì jókòó sí ọwọ́ òsì píánò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kì í ṣe níwájú sípíkà níbi tí gbogbo ènìyàn ń sáré sí. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọwọ́ Bàbá méjèèjì nígbà tí apá kẹrin bá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń lọ pọ̀ tí wọ́n ń bọ̀ pọ̀, tí èyí kò ya èyí.